Àbúrò mi gbé drone sókè, wọ́n ní amí ni: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ìgbógbó n'Ìkòròdú ni mò ń gbé. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 26, fíìmù ló ń ṣe. Ó ń ya ìgbéyàwó àti ìsìnkú láti fi jẹun, àmọ́ láti bí ọdún kan ló ti ń ya fíìmù nípa àwọn tó ń wa iyanrìn lẹ́tìí ọ̀sà àti bí omi ṣe ń jẹ ilẹ̀ ilé àwọn apẹja. Lọ́jọ́bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ṣe ìwọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, òun sì gbé drone sókè. Nígbà tó di bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọlọ́pàá dé, wọ́n tú wọn ká, wọ́n kó òun àti kámẹ́rà rẹ̀ lọ. Àtìgbà náà ló ti wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní amí ni, pé kó sọ ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Wọ́n ní kí n lọ mú akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ náà wá kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Mo ní kí n dúró fún un, wọ́n ní àwọn kì í gba obìnrin. Wọ́n tún wá ní tó bá kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, tó sì sọ nọ́ńbà tó fi ń ṣí fóònù rẹ̀, ó lè máa lọ sílé. Bàbá wa ní ká kàn lọ bẹ̀bẹ̀. Mo ka ìtàn òyìnbó kan tí wọ́n rán lẹ́wọ̀n ọdún 6 ní Cambodia torí drone. Ṣé irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi? – Ẹ̀gbọ́n Onífíìmù, Ìgbógbó.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n Onífíìmù, ẹ kú ìpayà, ẹ kú àìróorunsùn. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mò ń kọ èsì yìí, kóòtù á sì ṣí láàárọ̀ ọ̀la, torí náà mi ò ní tíì lọ sí Cambodia. Tí ẹ bá gbé oúnjẹ lọ fún àbúrò yín láàárọ̀, ẹ rí i pé ẹ bá a sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú kan ti tó. Ẹ sọ fún un pé kó má kọ nǹkan kan kún ohun tó ti kọ, kó má sọ nọ́ńbà fóònù, kó má fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí lọ́yà rẹ̀ kò tíì kà. Drone kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bébà ni, àti fóònù.

Ìtàn òyìnbó yẹn gan-an ló jẹ́ kí n máa pariwo báyìí. James Ricketson lorúkọ rẹ̀, ará Ọsirélíà, onífíìmù àgbàlagbà tó ti ń lọ ń bọ̀ ní Cambodia fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lóṣù kẹfà ọdún 2017, ó gbé drone sókè níbi ìpolongo ìbò CNRP, ẹgbẹ́ alátakò, ní Phnom Penh. Wọ́n mú un. Ká ní ìgbà tí ara tu ìjọba ni, bóyá owó ìtanràn ni ì bá san kó máa lọ. Àmọ́ ìgbà tí Hun Sen, olórí ìjọba wọn nígbà náà, ń gbá àwọn alátakò dànù ló bọ́ sí. Lóṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n lé NDI, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ti ìjọba àwaarawa lẹ́yìn, jáde nílùú. Lóṣù kẹsàn-án, ìwé ìròyìn Cambodia Daily kógbá wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ní kó wá san owó orí mílíọ̀nù 6.3 dọ́là, wọ́n sì lọ gbé Kem Sokha, olórí alátakò, lóru. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, kóòtù tú ẹgbẹ́ rẹ̀ ká pátápátá. Ìbò dé lọ́dún 2018, gbogbo àga 125 tó wà nílé aṣòfin ni ẹgbẹ́ Hun Sen kó. Ní gbogbo àsìkò yìí, inú ẹ̀wọ̀n Prey Sar ni ọkùnrin oní-drone yẹn wà.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 2018 ni wọ́n tó dájọ́ fún un: ẹ̀wọ̀n ọdún 6, ẹ̀sùn amí. Ó bi wọ́n pé ìlú wo gan-an lòun ń ṣe amí fún, kò sì sí ìlú kankan tí ẹ̀sùn náà dárúkọ. Ó ti lo bí oṣù 15 kí ọba Norodom Sihamoni tó dárí jì í lóṣù kẹsàn-án.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyí: kí ni wọ́n gbé síwájú adájọ́? Àwọn í-meèlì tó ń lọ láàárín òun àti àwọn alátakò wà níbẹ̀, àwòrán tó ti yà sẹ́yìn wà níbẹ̀. Drone ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni wọ́n ti lọ ṣa ẹrù.

Ẹ wá béèrè bóyá irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbí. Kí n má tàn yín: ilẹ̀ wa náà mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀sùn ńlá bo ọ̀rọ̀ kékeré mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìwọ́de oṣù kẹjọ 2024, ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba, èyí tí ìdájọ́ rẹ̀ jẹ́ ikú, ni wọ́n kà sí àwọn kan lẹ́sẹ̀ l'Abùjá. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 wà nínú àwọn 76 tí wọ́n kó dé kóòtù lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún náà. Àwọn mìíràn nínú wọn dákú síwájú adájọ́ torí ebi. Ìgbà tí ariwo sọ ni Ààrẹ pàṣẹ kí wọ́n tú àwọn ọmọdé náà sílẹ̀. Torí náà, ó lè ṣẹlẹ̀. Àmọ́ láàárín ẹnu ọlọ́pàá àti ẹnu adájọ́, ọ̀nà jìn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wa wà.

Òfin tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ amí jù fún onífíìmù nílẹ̀ yìí ni Official Secrets Act ti ọdún 1962. Ó ní ẹni tó bá ya àwòrán ibi tí ìjọba dáàbò bò, bíi bárékè ológun, pẹ̀lú èrò láti pa ààbò ìlú lára, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 jura. Ohun méjì ló gbọ́dọ̀ pé: ibi tí a yà, àti èrò ọkàn. Iyanrìn kì í ṣe bárékè. Ibi tí mo ti fẹ́ kí lọ́yà yín dúró dáadáa ni ọ̀nà tí drone náà gbà lófuurufú. Tó bá fẹsẹ̀ kan ọ̀nà Ijede débi tí iléeṣẹ́ mànàmáná Egbin hàn nínú àwòrán, kí lọ́yà tètè mọ̀, torí ojú irú ibẹ̀ ni wọ́n máa ń na ìka sí. Kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu àbúrò yín, kí ó má jẹ́ lẹ́nu ọlọ́pàá.

Ibi tí mi ò ti lè gbèjà rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda. Láti ọdún 2016 ni NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú, ti ń kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé drone sókè láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ààbò. Àwọn tó ń fi drone ya ìgbéyàwó n'Ìkòròdú, mélòó ló ní ìwé yẹn? Mo fẹ́ gbà pé àbúrò yín náà ò ní in. Ó lè ní ẹjọ́ jẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹjọ́ àìgbàwé ni, bíi ti ẹni tó ń wakọ̀ láìní láísẹ́ńsì. Ẹnikẹ́ni kì í pe onímọ́tò tí kò ní láísẹ́ńsì ní amí. Kí ó má purọ́ pé òun ní in, kó dákẹ́ ni.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún un láṣẹ láti dákẹ́. Abala 35 ni kí ẹ mọ̀ sórí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní ẹni tí wọ́n mú lè panu mọ́ títí tó fi máa rí lọ́yà tàbí ẹni tó bá yàn. Ó ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú un sílẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Ó tún ní tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Kóòtù májísíréètì wà n'Ìkòròdú, kóòtù gíga wà n'Ìkòròdú. Ọjọ́bọ̀ aago mẹ́rin ni wọ́n mú un. Ẹtì aago mẹ́rin ni ọjọ́ kan pé. Gbogbo wákàtí tó ti lò lẹ́yìn ìyẹn, òfin ò sí lẹ́yìn wọn mọ́. (Ẹ ṣàkíyèsí pé Ọjọ́bọ̀ ni. Nínú iṣẹ́ lọ́yà tèmi, Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì ni irú àwọn oníbàárà yìí máa ń pọ̀ sí, torí kóòtù kì í jókòó ní Àbámẹ́ta àti Àìkú. Mi ò sọ pé wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀.) Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gbé e kọjá lọ sí ọ́fíìsì mìíràn nígboro Èkó, gbígbé kiri kì í tún aago yẹn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti bébà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí àgọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọmọkùnrin tó ń ya fídíò ìnáwó ni wọ́n mú níbi ìwọ́de. Mo bá a lórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn káńtà, ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú torí wọ́n ti gba bẹ́líìtì rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí mi. Ó ní, “Lọ́yà, ẹ má ṣèyọnu mọ́, mo ti ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún wọn.” Ara mi tutù. Mo gba ìwé tó kọ lọ́wọ́ IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà: ojú ewé mẹ́ta, bírò búlúù, ó kún dé etí. Láti ìlà kejì ló ti kọ ọ́ pé òun ni “olùdarí ìròyìn àti ìpolongo fún ìjàkadì náà”. Ọmọ tí wọ́n fún ní ₦15,000 kó wá ya fídíò! Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ jàǹdùkú ni, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Oṣù mẹ́jọ la fi ń lọ tí à ń bọ̀ ní kóòtù lórí gbólóhùn kan yẹn.

Tí àbúrò yín bá ti kọ irú ẹ̀, kò tíì bàjẹ́ tán. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2011, ní tí ẹni tí wọ́n mú bá fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀sùn, àfi kí wọ́n ká a sí fídíò tàbí kí lọ́yà rẹ̀ wà níbẹ̀. Kóòtù tó ga jù lọ náà ti fọwọ́ sí i pé dandan ni. Ẹ ò rí nǹkan, ẹni tí wọ́n torí kámẹ́rà mú, kámẹ́rà ni òfin ní kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí i. Lọ́yà yín á béèrè fún fídíò náà, mo sì fẹ́ẹ́ lè búra pé kò sí.

Ó wá ku fóònù, èyí tó ká mi lára jù. Fóònù onífíìmù kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ọdún kan ni àbúrò yín fi ń rìn láàárín àwọn apẹja. Bóyá ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń yan ẹja lọ́wọ́, tí èéfín bo ojú rẹ̀, tó sọ ẹni tó ń gba owó iyanrìn àti ẹni tó ń pín in, tó wá ní, “Ọmọ mi, má fi ojú mi hàn o.” Fáìlì yẹn wà nínú fóònù náà. Nọ́ńbà ìyá náà wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ lórí WhatsApp wà níbẹ̀, àkókò tí wọ́n pàdé wà níbẹ̀. Tí àbúrò yín bá sọ nọ́ńbà mẹ́rin tàbí mẹ́fà yẹn ní alẹ́ yìí, òun lè sùn sílé lọ́la, kí wọ́n sì lọ kan ìlẹ̀kùn ìyá yẹn lọ́túnla. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti bá a rò ó débẹ̀.

Abala 37 ìwé òfin dáàbò bo ìwé àti ọ̀rọ̀ orí fóònù ọmọ Nàìjíríà. Kódà ó dárúkọ wáyà tẹlifíráàmù tí àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí ò mọ̀. Tí wọ́n bá ní ohun pàtàkì wà nínú rẹ̀, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ti fi ọ̀nà hàn wọ́n ní abala 45: kí wọ́n lọ tọrọ wáráǹtì lọ́wọ́ adájọ́. Kí àbúrò yín sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn pẹ̀lú sùúrù, kó má jágbe: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, lọ́yà mi ní kí n dúró de àṣẹ kóòtù.” Kó má sì sọ pé òun ti gbàgbé nọ́ńbà ọ̀hún. Irọ́ nìyẹn, wọ́n á sì mọ̀.

Kí lọ́yà yín béèrè fún àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n gbà: drone, bátìrì mélòó, kámẹ́rà, lẹ́ńsì, mẹ́mọ́rì káàdì mélòó, fóònù, pẹ̀lú nọ́ńbà ara wọn, kí ọlọ́pàá àti àbúrò yín fọwọ́ sí i. Mẹ́mọ́rì káàdì ni kí ẹ kà dáadáa. Ó kéré bí èékánná, ó sì máa ń sọnù ju kámẹ́rà lọ.

Àwọn tó ya ìwọ́de náà sórí fóònù tiwọn ńkọ́? Kí wọ́n tọ́jú èyí tó wà nínú fóònù gan-an, kí wọ́n má gbára lé èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, torí WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀, ó sì máa ń bọ́ ọjọ́ àti aago tó wà lára rẹ̀ sọnù. Abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 á fẹ́ mọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi yà á àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Fídíò yẹn lè jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wọ́n rìn. Ìwọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́ ò nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá; kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti sọ bẹ́ẹ̀ láti 2007, òfin ọlọ́pàá ti 2020 sì ní kí wọ́n máa ṣọ́ àwọn tó ń wọ́de ni.

Ti akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ má lọ mú un wá. Òfin kọ̀ ọ́ pé kí wọ́n mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Ti pé obìnrin ò lè dúró fún èèyàn, òfin kọ ìyẹn náà. Béèlì ọlọ́pàá, ọ̀fẹ́ ni. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ iye kan fún yín, ẹ kọ iye náà àti aago sílẹ̀.

Bàbá yín ní ká lọ bẹ̀bẹ̀. Mi ò ní ta ko bàbá. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ̀ pé ojú àgbà máa ń ṣílẹ̀kùn tí ìwé lọ́yà ò lè ṣí. Ricketson pàápàá kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí Hun Sen látinú ẹ̀wọ̀n. Kí bàbá lọ bá àwọn àgbà ààfin ní Ìgbógbó, kí wọ́n bá a dé ọ̀dọ̀ DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá. Àmọ́ ẹnu ni kí wọ́n fi bẹ̀bẹ̀. “Ẹ ṣàánú ọmọ wa” kì í ṣe ìjẹ́wọ́. “Mo tọrọ àforíjì fún ohun tí mo ṣe, mi ò sì ní ya irú fíìmù bẹ́ẹ̀ mọ́,” tí a kọ sí bébà, tí a fọwọ́ sí, tí a fi ọjọ́ sí, ìjẹ́wọ́ ni. Inú fáìlì ló máa sùn títí di ọjọ́ tí àbúrò yín bá tún gbé kámẹ́rà. Ẹ bi bàbá bóyá wọ́n gbọ́ pé abala 35 yẹn náà ní ẹni tí wọ́n bá mú lọ́nà àìtọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-máà-bínú àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Ìjọba ni wọ́n ní kó bẹ̀ ẹ́.

Ariwo orí íntánẹ́ẹ̀tì: kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n mú un àti àgọ́ tó wà, kó tán síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bú ọlọ́pàá, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé fíìmù tí kò tíì parí jáde. Ojú ìyá ẹlẹ́ja wà nínú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹnì kan wá lọ́yà nígbà tí ẹ bá ń lọ sí àgọ́. Tí owó ò bá sí, OPD, ọ́fíìsì lọ́yà ọ̀fẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó, àti Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó, ẹgbẹ́ lọ́yà NBA ní ẹ̀ka n'Ìkòròdú. Tí wọn ò bá gbé e dé kóòtù títí ọ̀sán, kí lọ́yà gbé ìwé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ sí kóòtù gíga lábẹ́ abala 46 ìwé òfin ilẹ̀ wa. Ìlànà ìgbẹ́jọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ọdún 2009 ní kí kóòtù fi ìgbẹ́jọ́ irú ẹ̀ sí àárín ọjọ́ 7, adájọ́ sì lè pàṣẹ kíákíá tí ìnira bá pọ̀. Tí wọ́n bá gbé e dé májísíréètì, ẹ ṣọ́ra fún ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ àyè láti dá a dúró sí àhámọ́ nígbà tí wọ́n bá ṣì ń wádìí. Kí lọ́yà ta kò ó, kó sì béèrè béèlì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ẹni tó máa dúró fún un ti wà níta kóòtù láti aago mẹ́jọ, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé owó orí lọ́wọ́.

Ẹ mú ìwé kékeré kan dání. Aago tí ẹ dé àgọ́, orúkọ IPO, ẹni tó dá yín lóhùn ní káńtà, ohun tó sọ gan-an, bí ara àbúrò yín ṣe rí, ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Tí lọ́yà bá dé, ìwé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fà lé e lọ́wọ́. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kàn sí mi lọ́sàn-án, kí ẹ sọ fún mi bóyá mẹ́mọ́rì káàdì pé.